Mo Ń Kọ Ìtàn Aṣọ Bàbá Mi ní Zaria

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jí ní àdúgbò Gyellesu, ní Zaria, obìnrin kan láti ilé kejì dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ina kwana?" Iná nìkan ni etí mi mú nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo rò pé ó fẹ́ mọ̀ bóyá iná mọ̀nàmọ́ná wà ní yàrá tèmi, mo bá dá a lóhùn pé iná ò sí. Ní ọjọ́ kejì ó tún béèrè, mo tún sọ fún un pé iná ò sí. Bí a ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí tí ìyá onílé mi fi gbọ́ wa lọ́jọ́ kan, tó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó ní ńṣe ni obìnrin náà ń kí mi, pé ṣé mo sùn dáadáa. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti kúrò nílé lóòótọ́.

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ẹni tó bá wọ bàálù nìkan ló lọ sí ìdálẹ̀. Èmi ò wọ bàálù. Owó tí à ń ná nílé náà ni à ń ná ní Zaria, àsíá kan náà ló ń fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá di pé ènìyàn kò lè kí aládùúgbò rẹ̀, tí kò lè ra ata láìnàka, tí àwọn ọmọdé ń pè é ní Bayarabiya, ìyẹn obìnrin Yorùbá, bí ẹni pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn, kí ni a tún ń pè ní ìdálẹ̀?

Ìlú kékeré kan lẹ́bàá Kàbbà ni wọ́n ti bí mi. Ìyá wa ti kú nígbà tí mo wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá nìkan ló tọ́ èmi àti àbúrò mi, Dáre, nínú ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀. Abẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ ni a ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wa, àwọn ègé aṣọ sì ń já lé wa lórí bí ewé. Nígbà tí mo jáde ní poli tí iṣẹ́ kò sí, ẹnì kan tí a jọ kàwé sọ fún mi pé wọ́n ń wá ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà lò ní ilé íńtánẹ́ẹ̀tì kan ní Sabon Gari, ní Zaria. Bàbá ló ní kí n lọ. Dáre kò fẹ́. Ó ní bí mo bá lọ, òun nìkan ni yóò máa gbọ́ àròyé Bàbá nípa abẹ́rẹ́ ayé òde òní tí kò lágbára. Ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kò sìn mí dé ibùdókọ̀.

Inú ọyẹ́ ni mo bọ́ sí. Mo ti rò pé mo mọ ọyẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọyẹ́ ilé wa máa ń wá bí àlejò, á kí ènìyàn, á lọ. Ti Zaria kó ẹrù rẹ̀ dání wá ni. Ètè mi là, gìgísẹ̀ mi là, eruku sì kún inú kíbọọ̀dù tó fi jẹ́ pé lẹ́tà "a" kò ṣeé tẹ̀ àfi kí ènìyàn gún un bí ẹni ń gún iyán. Ẹ wo ẹni tó fẹ́ fi irú kíbọọ̀dù bẹ́ẹ̀ kọ Yorùbá.

Èmi àti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sani, ọmọ Tudun Wada, la jọ ń ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀gá wa ní ìsọ̀ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, kì í sábà jókòó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wa. Sani kì í pariwo. Ó máa ń fún mi ní Hausa díẹ̀díẹ̀, gbólóhùn kan ní òwúrọ̀, gbólóhùn kan ní ọ̀sán, títí mo fi lè sọ "lafiya lau", pé àlàáfíà ni, fún obìnrin ilé kejì, tí obìnrin náà sì pàtẹ́wọ́ fún mi bí ẹni pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn ìrìn àkọ́kọ́.

Ìyá onílé mi, Màmá Ṣadé, ará Ọ̀fà ni. Ó ti pẹ́ ní Zaria ju ọjọ́ orí mi lọ. Ó ń sọ Yorùbá sí àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ náà ń fi Hausa dá a lóhùn. Bí ó bá rán Ṣadé ní omi, Ṣadé á ní, "Mama, na gaji," pé ó ti rẹ òun. Màmá Ṣadé á wò mí, á ní òun kò mọ ọjọ́ náà gan-an tí Yorùbá jáde kúrò lẹ́nu wọn. Ó ní kò sọ fún òun kó tó lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí ara mi bí mo bá ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ni mo máa ń pe ilé. Dáre ló ní fóònù, á gbé e fún Bàbá. Bàbá kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó máa ń pariwo bí ẹni tó wà lókè odò kejì, bí ó bá sì ti kí mi tán, kì í mọ ohun tó kù láti sọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn máa ń dùn mí. Ní ọjọ́ kan, kí ó má baà dákẹ́, mo bi í pé aṣọ ta ló wà lórí ẹ̀rọ. Ó sọ fún mi. Láti orí aṣọ yẹn ó bọ́ sórí òmíràn tó ti rán nígbà tí a kò tíì bí mi, ohùn rẹ̀ sì balẹ̀, ó di ohùn tí mo mọ̀ lábẹ́ tábìlì.

Bí ó ṣe di àṣà wa nìyẹn. Aṣọ kan fún ọjọ́ Ìsinmi kan. Ó sọ fún mi nípa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó da owó pọ̀ rán kóòtù kan ṣoṣo, tí ẹ̀gbọ́n wọ̀ ọ́ lọ sí ìgbéyàwó ní òwúrọ̀, tí àbúrò sì wọ̀ ọ́ lọ síbi ìgbéyàwó kan náà ní ọ̀sán, tí gbogbo ìlú ṣe bí ẹni pé àwọn kò rí i. Ó sọ fún mi nípa ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ sí Gánà tí kò padà. Lọ́dọọdún ni ìyá náà ń wá rán ṣẹ́ẹ̀tì fún un, lọ́dọọdún ló ń ní kí Bàbá fi díẹ̀ kún èjìká. Ojú inú ló fi ń wọn ọmọ náà. Nígbà tó yá, ó ní kí Bàbá má fi kún un mọ́, pé ọmọ òun ti dàgbà tó.

N kò fẹ́ kí àwọn ìtàn wọ̀nyí jáde kúrò lẹ́nu mi láìsọ fún mi. Kọ̀ǹpútà wà níwájú mi láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo ṣí búlọ́ọ̀gù kan, mo pè é ní Aṣọ Tí Bàbá Mi Rán, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Búlọ́ọ̀gù tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí dà bí aṣọ tí wọ́n gé tí wọ́n sì so pọ̀, tí kò ní bọ́tìnnì, tí kò ní àpò. Ó ṣeé wọ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn á máa fi ọwọ́ dì í mú. Àwọn àfikún kéékèèké tí a máa ń gbé wọ inú rẹ̀ láti jẹ́ kí ó ṣe ohun tí kò lè ṣe tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè ní plọ́gíìnì. Ọ̀kan á tò àwòrán jọ, ọ̀kan á jẹ́ kí ojú ìwé tètè ṣí, ọ̀kan á máa ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tí ènìyàn bá kọ kó má baà sọnù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló wà, ọ̀fẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn. Mo kọ́kọ́ ń kó wọn wọlé bí ẹni tó rí ọjà ọ̀pọ̀, títí ojú ìwé náà fi di ohun tí ènìyàn lè lọ se omi tíì kó tó ṣí.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàbá lórí fóònù bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, pẹ̀lú bọ́tìnnì àti àpò. Ó ronú sí i.

Ó ní, "Àpò tó bá pọ̀ jù lára ṣòkòtò, òun ló ń fa ṣòkòtò wálẹ̀."

Mo yọ ìdajì wọn dànù. Láti ìgbà náà ni èmi àti Sani ti ń yẹ plọ́gíìnì wò kí a tó gbé e wọlé. A ó wo ìgbà tí ẹni tó ṣe é fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn, nítorí èyí tí ẹni tó ṣe é ti pa tì máa ń ya ojú ìwé bí òwú tó ti rà. A ó ka ohun tí àwọn tó ti lò ó sọ. A ó kọ́kọ́ dán an wò lórí ojú ìwé ìdánwò tí ẹnikẹ́ni kò ń rí. Ọ̀kan wà tí gbogbo ènìyàn yìn, tó jẹ́ pé bí a ṣe gbé e wọlé báyìí, gbogbo àmì ohùn tí mo fi sórí ọ̀rọ̀ di àpótí kéékèèké. Orúkọ Bàbá di àpótí. Ojú ẹsẹ̀ ni mo lé e jáde.

Díẹ̀díẹ̀ àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Plọ́gíìnì kan ń fi hàn mí ibi tí wọ́n ti ń kà á. Mo rí Jámánì, mo rí Èkó, mo rí Kánádà. Bàbá àgbàlagbà kan tó jẹ́ ọmọ agbègbè wa, tó ń gbé ní Kánádà, kọ í-méèlì sí mi pé òun mọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó jọ wọ kóòtù kan yẹn, pé òótọ́ ni, pé òun náà wà lára àwọn tó ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. A bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé síra wa. Obìnrin kan tó ní ilé ẹ̀kọ́ ní Hanwa rí búlọ́ọ̀gù náà, ó ní kí n wá ṣe ti ilé ẹ̀kọ́ òun. Ọ̀gá mi fún mi ní tábìlì tèmi. Ní Kàbbà, Dáre máa ń lọ sí ilé íńtánẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ ọjà, wọ́n á ṣí i fún un, á kà á sórí, á padà lọ sọ ọ́ fún Bàbá. Ó ní Bàbá máa ń tún un sọ fún oníbàárà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló rán àwọn aṣọ náà. Mo gbọ́ ìyẹn, mo lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún ayọ̀ díẹ̀.

Bí ènìyàn bá ti mọ ọ̀nà ilé rẹ, olè náà á mọ̀ ọ́n. Èsì ayédèrú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé sí abẹ́ àwọn ìtàn mi. Ìpolówó oògùn, ìpolówó tẹ́tẹ́, aago olówó iyebíye tí kò jẹ́ nǹkan kan. Ẹ̀rọ ló ń kọ wọ́n, wọn kì í sùn. Mo lè dé ní òwúrọ̀ kí n bá ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn lábẹ́ ìtàn ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Gánà. Ó dà bí ẹni tí wọ́n da ìdọ̀tí sí ojú oórì ìyá rẹ̀.

Plọ́gíìnì méjì ni èmi àti Sani mú wá sórí tábìlì. Èkíní á dá gbogbo èsì dúró títí n ó fi kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan tí n ó sì gbà wọ́n wọlé fúnra mi. Èkejì á ṣe ìdájọ́ fúnra rẹ̀: èyí tó bá jọ ti ẹ̀rọ, á gbé e pamọ́ sínú àpótí ẹ̀yìn, bí ó bá pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀, á sun ún. Sani ní wọ́n sọ pé kì í sábà ṣìṣe. Kíka èsì lọ́kọ̀ọ̀kan á sì máa jẹ àkókò oníbàárà. A mú èkejì. Ó mọ́ roro. Ní ọjọ́ kejì, kò sí ìdọ̀tí kankan lójú ìwé mi mọ́.

Ọjà Sabon Gari ni wọ́n ti jí fóònù mi. Mo ń yan tòmátò lọ́wọ́, nígbà tí mo fi máa na ọwọ́ sínú àpò, ọwọ́ mi yọ jáde ní ìsàlẹ̀. Wọ́n ti fi abẹ ya á. Obìnrin olótòmátò náà kẹ́dùn fún mi ní Hausa, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sì ràn mí lọ́wọ́.

Gbogbo nọ́ḿbà tí mo ní, inú fóònù ló ń gbé, ìkankan kò gbé orí mi. N kò mọ ará ìlú wa kankan ní Zaria tí n ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà, mo kọ nọ́ḿbà mi tuntun sínú rẹ̀, mo fi rán awakọ̀ kan tó ń lọ sí Kàbbà. Lẹ́tà náà kò dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo máa ń pè wọ́n, Dáre kì í sábà ní owó ìpè, nítorí náà mo kọ ọ́ sórí búlọ́ọ̀gù, gàdàgbà, pé: "Dáre, wọ́n ti jí fóònù mi. Kọ nọ́ḿbà rẹ sí abẹ́ ibí, n ó pè yín."

Mo dúró. Ọjọ́ ọjà Kàbbà kọjá, n kò rí nǹkan kan. Òmíràn kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí i. Mo ní ó ti gbàgbé mi, bóyá ó rí ọ̀rẹ́bìnrin. Mo ní bí Àjíǹde bá dé, n ó lọ sílé, n ó sì fi ẹnu nà án dáadáa. Ọ̀gá mi ti gbà fún mi pé kí n lọ ní Àjíǹde.

Ọjọ́ Ìsinmi ló burú jù. N ó ti ìsìn dé, n ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ mi á ṣófo. Mo rí i nígbà náà pé ohun tí mo ń pè ní gbígbé ní Zaria, wákàtí kan yẹn ló ń gbé e ró. Ènìyàn lè fara da ìlú tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ bí ó bá ti dá a lójú pé ẹnì kan wà níbì kan tó ń pariwo orúkọ rẹ̀ lórí fóònù bí ẹni tó wà lókè odò. Bí ohùn yẹn bá ti dákẹ́, kò sí ibi tí ènìyàn ń gbé mọ́. Ibi tó sùn sí nìkan ló kù.

Í-méèlì láti Kánádà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Mo ṣí i pẹ̀lú ayọ̀, nítorí bàbá náà máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́ pé: "Ọmọ mi, àwọn ará ilé sọ fún mi. O kú ọ̀fọ̀ Bàbá. Ọlọ́run yóò tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn sí abẹ́ ìtàn rẹ, mo sì kọ nọ́ḿbà àbúrò rẹ sí i kí àwọn ènìyàn lè pè é, ṣùgbọ́n n kò rí i kó hàn. Bá mi wò ó."

Mo kà á, n kò mọ bàbá tó ń sọ. Mo ro bàbá ẹlòmíràn. Mo tún un kà. Sani ní mo dìde dúró, mo tún jókòó, mo tún dìde. Òun kò lè ka Yorùbá, ṣùgbọ́n ó wo ojú mi, ó fa àga tirẹ̀ wá. Mo sọ fún un pé ẹni yìí ní òun kọ nǹkan sí ojú ìwé mi tí kò hàn. A jọ ṣí àpótí ẹ̀yìn náà.

Oògùn. Tẹ́tẹ́. Aago. Oògùn. Láàárín wọn, bí ènìyàn tó dúró láàárín ẹran, orúkọ àbúrò mi.

Ó kọ nọ́ḿbà rẹ̀, bí mo ṣe ní kí ó kọ ọ́. Nọ́ḿbà náà gan-an ni plọ́gíìnì rí tó fi ní ẹ̀rọ ni. Nígbà tí kò rí ìpè, ó tún kọ ọ́, plọ́gíìnì sì rí i pé ó ń kọ ohun kan náà léraléra bí ẹ̀rọ. Àwọn èsì tó kọ́kọ́ kọ, àpótí ti sun wọ́n, n kò ní mọ ohun tó wà nínú wọn láéláé. Àwọn tó kù nìyí:

"Ara Bàbá kò yá. Pe nọ́ḿbà yìí."

"Mo mọ̀ pé o ń ka èyí. Pe nọ́ḿbà yìí. Ó ń béèrè rẹ."

"Bàbá ní kí n ka èyí tí o kọ gbẹ̀yìn fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kà á. Ó ní ṣé o kò tíì pè ni. Mo ní o ti pè nígbà tí ó sùn."

"Bàbá ti lọ."

Àti èyí, tó kẹ́yìn: "A ti sin ín. Má pè mọ́."

Sani kò gbọ́ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, ó bi mí pé kí ni ó sọ. N kò lè sọ ọ́ ní Yorùbá, n kò lè sọ ọ́ ní Hausa. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sọ fún àwọn oníbàárà pé iná ti lọ.

Mo pe nọ́ḿbà náà. Ó gbé e, ó béèrè pé ta ni. Mo ní èmi ni. Mo ń gbọ́ adìẹ lẹ́yìn rẹ̀, adìẹ ilé wa.

"O ti wá rí i," ló wí.

"Dáre, n kò rí i. Òní ni mo rí i."

"Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mo ń lọ sí Kàbbà. Gbogbo rẹ̀. Mo ń fi Bàbá nìkan sílẹ̀ nínú ilé láti lọ kọ ọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, plọ́gíìnì, àpótí, èsì ayédèrú. Ọ̀rọ̀ náà dàbí irọ́ létí èmi fúnra mi. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó sì gé fóònù.

Mo lọ sílé láìdúró de Àjíǹde. Nígbà tí mo wọ àgbàlá, Dáre jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ Bàbá lọ́rùn. Ó ti rù. Ó wò mí, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ìrìn."

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ní ahọ́n ilé wa, a kì í sọ "ẹ" fún ẹnì kan ṣoṣo. "Ìwọ" ni à ń pe bàbá, "ìwọ" ni à ń pe ọmọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ, "ìwọ" ni. Àlejò, ọlọ́pàá, àwọn tó ti ìta wá, àwọn la máa ń fi Yorùbá ilé ẹ̀kọ́ bọ̀wọ̀ fún. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, àbúrò mi kò sọ "ẹ" sí mi rí. Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó fún mi lómi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí sìmẹ́ǹtì orí ibojì kò tíì gbẹ tán.

Mo ṣubú síbẹ̀. Kò gbé mi dìde. Nígbà tí mo gbójú kúrò nílẹ̀, mo tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi, pé ẹ̀rọ kan ló gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ pamọ́, pé ó rò pé kì í ṣe ènìyàn ló kọ ọ́.

"Ó ti rẹ̀ yín láti ọ̀nà," ló dá mi lóhùn. "Ẹ wá jẹun."

Ọjọ́ díẹ̀ tí mo lò níbẹ̀, "ẹ" la fi lò ó. Àwọn aládùúgbò wá kí mi, wọ́n sọ fún mi bí ìsìnkú ṣe rí, ẹni tó gbàdúrà, ẹni tó kọrin, bí òjò ṣe fẹ́ rọ̀ tí kò rọ̀. Àwọn tí Bàbá rán aṣọ fún wọ aṣọ tó rán fún wọn. Ẹ̀rọ ni Dáre ń tẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń sọ ọ́.

Nígbà tí mo padà dé Gyellesu, obìnrin ilé kejì ti gbọ́. Kò kí mi lẹ́nu ọ̀nà bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó gbé ẹní tirẹ̀ wá sínú yàrá mi, ó tẹ́ ẹ, ó jókòó. Ó ní, "Allah ya jikansa," pé kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Ó béèrè orúkọ Bàbá, ó béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Mo sọ fún un ní Hausa pé aránṣọ ni, mo sọ fún un nípa ìyá ṣẹ́ẹ̀tì Gánà, láìwá ọ̀rọ̀ kan tì. Ó fi etí ìbòrí rẹ̀ nu ojú. Nígbà tó lọ tán ni mo mọ̀ pé Zaria ti gbà mí wọlé, àti pé ohun tí mo san fún un pọ̀ jù. Mo ti ń gbọ́ èdè ìlú tí mo wà, èdè ilé mi sì ti ń pè mí ní àlejò.

Sani fẹ́ pa búlọ́ọ̀gù náà rẹ́ fún mi. Ó rò pé yóò jẹ́ ìtura. Mo ní rárá. Plọ́gíìnì náà ni mo yọ. Mo fi èkíní sí ipò rẹ̀, èyí tó ń dá gbogbo èsì dúró de ojú ènìyàn. Láti ìgbà náà, ní òwúrọ̀ kí oníbàárà tó dé, mo máa ń ka gbogbo rẹ̀, ìpolówó oògùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìpolówó tẹ́tẹ́, aago, gbogbo rẹ̀, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn. Sani ní ó ń jẹ àkókò. Mo ní mo mọ̀.

Ọdún yí po. Dáre máa ń pè mí ní Kérésì àti ní Àjíǹde. Á kí mi dáadáa, á béèrè ara mi, "ẹ" títí dé òpin. N kò kọ ìtàn aṣọ kankan, nítorí kò sí ẹni tí n ó bi. Nígbà tó ṣe, mo kọ ọ̀kan nípa ọjọ́ ìsìnkú náà, láti ẹnu àwọn aládùúgbò, àdúrà, orin, òjò tí kò rọ̀, àwọn ènìyàn nínú aṣọ tí ó rán. Mo kọ ọ́ pé aṣọ funfun la fi sin ín. Ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo kọ ohun tí a máa ń fi sin òkú ni.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀, mo ń ka ìdọ̀tí tí mo máa ń kà. Láàárín oògùn kan àti aago kan, ìlà kan wà tí kò ní orúkọ:

"Búlúù ni. Ọdún tí o lọ ló rán an. Ó ní kí n má sọ fún ọ."

Ó kọ "o". Ó kọ "ọ". Mo fi ìka tẹ̀lé e lójú kọ̀ǹpútà bí ọmọdé tó ń kọ́ ìwé kà. Ọdún tí mo lọ, Bàbá tó ní kí n lọ, gé aṣọ búlúù fún ara rẹ̀, ó rán an, ó ká a sí ibì kan, ó sì ń pariwo sí mi lórí fóònù lọ́jọ́ Ìsinmi nípa aṣọ àwọn ẹlòmíràn. Nínú gbogbo aṣọ tó sọ fún mi, kò sọ ti ìyẹn.

Mo tẹ bọ́tìnnì tó ń gba èsì wọlé. Ìlà náà hàn lábẹ́ ìtàn, kí gbogbo ayé rí i. Dáre kò kọ nǹkan kan síbẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà. Mo padà sínú ohun tí mo kọ, mo pa funfun rẹ́, mo kọ búlúù.